Ohùn Ẹ̀yìn Ògiri

Ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, lẹ́yìn réluwéè,
Màmá Tìámíyù gbé àpótí pákó kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa,
ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun.
"Ọkọ mi ló kàn án. Ó máa ń kí mi tí mo bá ṣílẹ̀kùn.
Láti ìgbà tí òjò ti wọ̀ ọ́, igbe ló ń ké."

Ẹ̀pà wà lẹ́nu Ọ̀gá Ràfíù,
àgbọ̀n ló fi júwe mi: "Múínátù, wò ó."

Mo tẹ bọ́tìnì.
Yéè! Ẹ̀fọn tó gbé ayùn Òkóbàbá mì.
Mo tú u. Ṣípù kékeré wà níbẹ̀, ara rẹ̀ le,
ṣùgbọ́n níbi tí rẹsítọ̀ àti kapásítọ̀ ti gbé rí,
ìpẹtà ló kù, àti ẹsẹ̀ aáyán kan.

Ẹ má bínú sí ṣípù.
Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n fi sí i lẹ́nu:
ó wà, kò sí.
Fóòtì márùn-ún, tàbí òfo.
Kò mọ díẹ̀, kò mọ "ó kù díẹ̀", kò mọ "rọra".
Ẹgbàárin ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń ṣí, ó ń tì,
àṣírí rẹ̀ kò sì ju èyí lọ:
bí ó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí kí ó tó tì.
Odidi ọkùnrin kan wà láàrin ṣíṣí àti títì yẹn,
ká ṣáà ti sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì.

Ẹ wo mẹ́rúwà ní ojúlé wa:
kẹ́ẹ̀gì kan, ó dáwọ́ dúró, ó mí. Kẹ́ẹ̀gì kan.
Gbùà! Òfo. Gbùà! Òfo.
Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ abẹ́ dúrọ́ọ̀mù,
okùn omi kan ṣoṣo ni, kì í já.
Rẹsítọ̀ ni ọrùn tóóró. Kapásítọ̀ ni dúrọ́ọ̀mù.

Mo wá kapásítọ̀ nínú agolo mílíìkì,
èyí tí mo rí tóbi jù, mo jó o mọ́ ọn bẹ́ẹ̀,
èéfín sọ́dà wọ̀ mí lójú.
Mo tẹ bọ́tìnì.
Ẹ̀fọn kú.
Ohùn jáde, ohùn àgbàlagbà,
ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò bá a jáde;
ṣí ti lọ, tí ti lọ, jí ti lọ,
bí ẹni fi tìmùtìmù bò ó lẹ́nu:

dò dò mí,
mí re re re re.

"Ó pọ̀ jù," ni ọ̀gá wí.
"Dúrọ́ọ̀mù ńlá kì í tètè kún, kì í tètè gbẹ,
kí ó tó gba ọ̀rọ̀ kan, ìkejì ti kọjá. Dín in kù."
Mo ti na ọwọ́ sí irin sọ́dà
nígbà tí Màmá dìde.
"Ṣé o ti jẹun," ni ó wí.
Mo ní rárá o, Màmá, mi ò tí ì jẹun.
"Kì í ṣe ìwọ. Èmi ló ń bi.
Àṣàbí, ṣé o ti jẹun?"

Mo dín in kù lọ́jọ́ kejì bí ọ̀gá ṣe wí.
Ohùn mọ́ kedere. Gbogbo ọ̀rọ̀ padà sílé,
àní èémí rẹ̀,
àní ìró rélùwéè tó ń kọjá lọ́jọ́ tó gbà á sílẹ̀.
Mo gbójú sókè kí ó yìn mí.
Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mi orí.
"Ó dára. Ṣùgbọ́n inú rédíò ni ẹni yìí wà.
Ti àná, yàrá ló wà, lẹ́yìn ògiri,
níbi tó ti máa ń kun bàtà iṣẹ́ rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógójì, ẹ̀yìn ògiri ló ti ń bi mí.
Dá ti àná padà fún mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun.
Èmi jó èyí tó tóbi padà.
Nínú ìwé, níbi tí a ti ń kọ ohun tí a tún ṣe,
mo kọ: asẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà.
Ó san ẹgbẹ̀rún kan, ó ní òun ń bọ̀.
Kò tí ì dé.
Mi ò sì tí ì ránṣẹ́.